Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù tí Ẹ Ó Wọ̀

Ìbéèrè kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta: ẹgbẹ́ wo ni kí n wọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń bi mí ni ó ti ní orúkọ ẹgbẹ́ kan lọ́kàn, bóyá nítorí pé ọ̀gá wọn wà níbẹ̀ tàbí nítorí pé orúkọ náà ń dún, ohun tí wọ́n sì ń retí ni pé kí n sọ pé ibẹ̀ dára. Èmi a máa fi ìbéèrè dá wọn lóhùn: ọjọ́ wo nínú ọ̀sẹ̀ ni ẹ ní wákàtí márùn-ún lọ́wọ́? Gbígbá ihò 18 máa ń gbà tó wákàtí mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bí èrò bá pọ̀ lórí pápá, kí a tó ka àkókò ọkọ̀, aṣọ pípààrọ̀ àti ìkínni mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tí ó yẹ yín ni èyí tí ẹ lè dé pápá rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, tí ẹ sì lè rí àyè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ bí ẹ bá dé.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìdáhùn mẹ́rin sílẹ̀

Kí ẹ tó lọ wo pápá kankan, ẹ mú bébà, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ẹ má ṣe fi wọ́n sí orí nìkan, nítorí bí ẹ bá ti dé ibi tí koríko tutù minimini, tí wọ́n sì fi ohun mímu tútù kí yín káàbọ̀, ẹ ó gbàgbé ohun tí ẹ bá wá.

- Ọjọ́ àti wákàtí wo ni ẹ ní àyè báyìí, kì í ṣe èyí tí ẹ ń rò pé ẹ ó ní lọ́jọ́ iwájú?
- Ibo ni ẹ ó ti gbéra lọ́jọ́ náà, ilé ni tàbí ibi iṣẹ́?
- Ta ni yóò máa bá yín lò ó: ẹ̀yin nìkan, ọkọ tàbí ìyàwó yín, àbí àwọn ọmọ pẹ̀lú?
- Èló ni ẹ lè san lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta gbáko láìjẹ gbèsè?

Èmi kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ nígbà tèmi. Ẹgbẹ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀, òdìkejì Èkó ni ó wà sí ilé mi, ọjọ́ Sátidé ni mo sì fojú sùn. Mo gbàgbé pé Sátidé kan náà ni ọjọ́ ìgbéyàwó, ọjọ́ ìsìnkú àti ọjọ́ ìwúyè, àti pé ẹni tí ó bá jẹ́ Yorùbá kò lè máa fi gbogbo Sátidé ṣe tirẹ̀. Ìgbà méje péré ni mo gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Kò sí ẹ̀bi ẹgbẹ́ náà níbẹ̀ rárá.

Ẹ mọ irú ẹgbẹ́ tí ẹ ń wò

Àwọn ẹgbẹ́ kò rí bákan náà, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan jẹ́ ẹgbẹ́ ńlá tí gọ́ọ̀fù jẹ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ikoyi Club 1938 ni àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní Èkó. Ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gbogbogbòò, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó tọrọ àyè ní ẹ̀ka gọ́ọ̀fù, èyí tí ó lè ní owó àti òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹbí yín bá fẹ́ràn ìlúwẹ̀ẹ́ tàbí tẹ́níìsì, owó yín kò ní ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ gọ́ọ̀fù nìkan ni ẹ bá wá, ẹ óò máa san owó lórí ohun tí ẹ kì í lò.

Àwọn kejì ni ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ nítorí gọ́ọ̀fù gan-an, irú bí Ikeja Golf Club, Ibadan Golf Club àti Abeokuta Golf Club. Lójú tèmi, irú ẹgbẹ́ yìí ni ó dára jù fún ẹni tí ó fẹ́ mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa, nítorí pé bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́, ẹ ó rí ẹni tí ẹ jọ lè gbá a, kò sì sí ẹni tí yóò bi yín pé kí ni ẹ ń wá.

Ẹ̀ka mìíràn ni pápá tí ó wà nínú ẹ́sítéètì tàbí ibi ìgbafẹ́: Lakowe Lakes ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti MicCom ní ìlú Àdá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Àwọn pápá wọ̀nyí lẹ́wà, ìtọ́jú wọn sì máa ń hàn sí ojú. Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè ni ẹni tí ó ni ilẹ̀ náà àti ẹ̀tọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ní. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ni pápá, òun ni ó lè yí owó àti òfin padà, ọmọ ẹgbẹ́ kò sì ní dìbò lórí rẹ̀ bí ti ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ jọ ni ín.

Àwọn ilé-iṣẹ́ àti ibùdó kan pẹ̀lú ní pápá tiwọn, irú èyí tí ó wà ní IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ní Ìbàdàn. Àṣẹ ẹnu géètì ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí níbẹ̀.

Ẹ tún béèrè iye ihò tí pápá náà ní. Pápá oníhò mẹ́sàn-án kì í ṣe ohun ìtìjú: ẹ ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pé 18, àwọn mìíràn a sì gbé tee kejì, ìyẹn ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sí ihò, sí ibi ọ̀tọ̀ kí ìlọ kejì má bàa dà bí ìlọ àkọ́kọ́. Fún ẹni tí kò ní ju wákàtí méjì lọ lẹ́yìn iṣẹ́, ó lè sàn ju pápá ńlá lọ.

Bí ẹ ó ṣe yẹ pápá wò, ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ pe ọ́fíìsì akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ béèrè bóyá àlejò lè san owó pápá kí ó sì gbá gọ́ọ̀fù, tàbí bóyá ọmọ ẹgbẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ mú yín wọlé. Ẹ béèrè irú aṣọ tí wọ́n ń gbà. Ẹ̀wù tí ó ní kọ́là ni ọ̀pọ̀ ibi máa ń fẹ́, wọn kì í sì í gba jíǹsì lórí pápá.

2. Ẹ lọ ní ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ kọ sórí bébà. Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ ìdíje. Lọ́jọ́ ìdíje ni wọ́n máa ń gé koríko mọ́lẹ̀, tí gbogbo ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè lásán ni yóò fi ojú pápá hàn yín.

3. Ẹ tún un lọ ní àkókò òjò. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ lọ ní ọjọ́ kejì òjò ńlá ní oṣù kẹfà, oṣù keje tàbí oṣù kẹsàn-án. Ẹ wo ibi tí omi dúró sí lórí fairway (ojú koríko tí a gé láti tee dé ibi ihò), ẹ wo bóyá bunker (kòtò iyanrìn) ti di adágún, kí ẹ sì béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń ti pápá pa lẹ́yìn irú òjò bẹ́ẹ̀. Pápá tí ó bá ń tilẹ̀kùn lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá kan gúnmọ́ nínú ọdún yín, ṣùgbọ́n owó ọdọọdún kò ní dín kù nítorí rẹ̀.

4. Ẹ gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀, ó kéré tán ihò mẹ́sàn-án. Ẹ fi ìka kan ilẹ̀ green, ibi tí ihò wà: ṣé koríko bò ó dọ́gba, àbí ó ti pá ní àwọn ibì kan? Ní àwọn pápá kan ní Nàìjíríà, pàápàá lápá òkè Ọya, iyanrìn tí a fi epo pò ni wọ́n lò dípò koríko, browns ni àwọn agbágọ́ọ̀fù sì ń pè é. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti í ti bọ́ọ̀lù sí ihò lórí browns yóò tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́ bí ó bá dé orí koríko.

5. Ẹ bá kádì, ẹni tí ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀ lé agbágọ́ọ̀fù, sọ̀rọ̀. Kádì ni ó mọ ilé yìí jù akọ̀wé lọ. Ẹ bi í pé wákàtí mélòó ni wọ́n fi ń gbá ihò 18 ní òwúrọ̀ Sátidé, ẹ bi í pé ìgbà wo ni ẹ̀rọ ìgékoríko ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kí ẹ sì bi í pé ṣé kádì máa ń kárí ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀. Ẹ má ṣe bi í nípa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ fi ojú wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí òun náà. Ibi tí wọ́n bá ti ń jágbe mọ́ kádì níṣojú àlejò, èmi kò ní san owó mi síbẹ̀.

6. Lẹ́yìn eré, ẹ jókòó ní ilé ẹgbẹ́ fún wákàtí kan. Ṣé ẹnikẹ́ni kí yín? Ṣé àwọn ènìyàn jókòó káàkiri, àbí tábìlì kọ̀ọ̀kan ti ní olówó tirẹ̀ tí àjèjì kò gbọdọ̀ sún mọ́? Àwọn tí ẹ ó jọ rìn fún wákàtí mẹ́rin nìyẹn.

7. Ẹ béèrè bí ìpè ìkìlọ̀ mọ̀nàmọ́ná ṣe ń dún. Pápá gbangba, igi gíga àti ọ̀pá irin lọ́wọ́ kì í ṣe ohun tí a fi ń bá ààrá ṣeré. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò tíì múra.

Fún àwọn obìnrin àti àwọn òbí, ìbéèrè díẹ̀ kù. Ẹ béèrè bóyá obìnrin lè di ọmọ ẹgbẹ́ ní orúkọ ara rẹ̀, tí ó lè dìbò, àbí abẹ́ orúkọ ọkọ nìkan ni wọ́n ń fi í sí. Ẹ béèrè wákàtí tí àwọn ọmọdé lè wọ pápá. Mo mọ àwọn òbí tí wọ́n san owó ẹbí, tí wọ́n wá rí i pé ọmọ wọn kò gbọdọ̀ tẹ pápá títí di ìrọ̀lẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Owó: ibi tí ó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ

Owó ìwọlé ni gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù, nítorí pé òun ni ó tóbi lójú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni a ń san án. Àwọn owó kéékèèké tí ń tẹ̀ lé e ni ó máa ń lé ènìyàn kúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹ béèrè fún gbogbo wọn lórí ìwé, kì í ṣe lẹ́nu:

- owó fọ́ọ̀mù àti owó ìwọlé, àti bóyá wọ́n lè dá a padà bí wọn kò bá gbà yín;
- owó ọdọọdún, àti oṣù tí ó ń pé;
- owó ẹ̀ka gọ́ọ̀fù, bí ó bá dá dúró lọ́tọ̀;
- owó dandan tí wọ́n dá ní ọdún mẹ́ta tó kọjá fún kànga, jẹnẹrétọ̀ tàbí ilé ẹgbẹ́ tuntun;
- iye tí ẹ gbọ́dọ̀ ná ní ilé oúnjẹ ẹgbẹ́ lóṣù, bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà;
- owó kádì, owó olùkọ́, owó ìdíje àti owó àlejò tí ẹ bá mú wá;
- ìyà tí ó wà fún ẹni tí ó bá pẹ́ kí ó tó san.

Ẹ fún ìkẹrin nínú àwọn owó wọ̀nyí, owó dandan, ní àyè tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó ti dá owó dandan lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún mẹ́ta yóò dá ìkẹrin, ohunkóhun tí wọn ìbáà sọ fún yín. Bí wọ́n bá lè fi ìṣirò owó tí wọ́n kà ní ìpàdé ọdọọdún tó kọjá hàn yín, ẹ gbà á, kí ẹ sì kà á. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò fi í han ẹni tí kò tíì wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dábàá orúkọ yín lè sọ ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ wá pín owó ọdún náà sí iye ìgbà tí ẹ ó lọ. Ká ní gbogbo owó ọdún kan jẹ́ ₦600,000. Bí ẹ bá lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlélógún, ìlọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦25,000 kí ẹ tó fún kádì ní tirẹ̀. Bí ẹ bá lọ nígbà àádọ́ta, ó di ₦12,000. Ẹ gbé iye yìí sí ẹ̀gbẹ́ owó pápá tí àlejò ń san níbẹ̀. Bí owó àlejò bá kéré sí i, ẹ kò tíì nílò láti di ọmọ ẹgbẹ́, àyàfi bí wọn kì í bá gba àlejò ní ọjọ́ tí ẹ ní àyè.

Handicap: ìbéèrè tí àwọn tuntun máa ń gbàgbé

Ẹgbẹ́ ni yóò tọ́jú àkọsílẹ̀ handicap yín, ìyẹn iye tí ń fi bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó hàn (bí ó bá ti kéré tó ni ẹ mọ̀ ọ́n gbá tó); láìsí i, ẹ kò lè wọ ọ̀pọ̀ ìdíje ní ibòmíràn. Lábẹ́ ètò handicap àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, ẹ nílò káàdì (ìwé tí a ń kọ iye ìgbá sí) fún ihò 54 lápapọ̀ kí wọ́n tó lè fún yín ní handicap àkọ́kọ́. Ẹ lè fi ihò mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án àti 18 kó o jọ. Handicap tí ó ga jù lọ ni 54.0, fún ọkùnrin àti obìnrin bákan náà. Bí káàdì yín bá ti pọ̀, mẹ́jọ tí ó dára jù nínú ogún tí ó kẹ́yìn ni wọn yóò fi ṣe ìṣirò. Ẹ béèrè bóyá ẹgbẹ́ náà wà lábẹ́ Nigeria Golf Federation, ta ni ó ń gbé káàdì sínú ètò, àti bóyá wọ́n ti wọn líle pápá náà, èyí tí wọ́n máa ń kọ sórí káàdì gẹ́gẹ́ bí course rating àti slope.

Bí akọ̀wé bá dáhùn pé olórí gọ́ọ̀fù ni ó máa ń fojú díwọ̀n handicap ẹni tuntun, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, kí ẹ sì máa bá ìwádìí yín lọ ní ibòmíràn.

Bí ẹ ó ṣe fi orúkọ sílẹ̀

1. Ẹ wá ẹni tí yóò dábàá orúkọ yín àti ẹni tí yóò kín in lẹ́yìn. Ọmọ ẹgbẹ́ tí kò jẹ gbèsè ni kí àwọn méjèèjì jẹ́, kí ó sì jẹ́ ẹni tí ń wá sí pápá déédéé. Ènìyàn ńlá tí kò tẹ pápá láti ọdún méjì kò lè ràn yín lọ́wọ́ bí ti olùkọ́ iléèwé tí gbogbo ilé mọ̀.
2. Ẹ gba ìwé òfin ẹgbẹ́, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó kọ fọ́ọ̀mù. Ẹ wo ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa ìfìyàjẹni, ìdápadà owó àti bí ènìyàn ṣe lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀.
3. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù fúnra yín, kí ẹ sì fi àwòrán àti ìwé tí wọ́n béèrè mọ́ ọn.
4. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, wọn yóò lẹ orúkọ yín mọ́ pátákó ìkéde fún àkókò kan kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀sùn lè sọ ọ́. Ẹ máa yọjú ní àkókò yìí, kí wọ́n lè mọ ojú tí ó ni orúkọ náà.
5. Ẹ lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú ẹni tí ó dábàá yín. Ohun tí ìgbìmọ̀ máa ń fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ ó máa sanwó déédéé, bóyá ẹ ó máa wá, àti bóyá ẹ lè bọ̀wọ̀ fún àgbà àti fún òṣìṣẹ́.
6. Ẹ san owó lẹ́yìn tí ìwé ìgbanisílé bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìkìlọ̀: àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ sanwó sí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní kí ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì tòun kí orúkọ yín lè yára kọjá, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ má ṣe fún un ní kọ́bọ̀.

Àṣìṣe tí mo ti rí jù

Àkọ́kọ́ ni wíwọ ẹgbẹ́ nítorí iṣẹ́ ajé. Lóòótọ́ ni pé ènìyàn lè pàdé oníbàárà lórí pápá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ní ihò kejì, wọn kì í fẹ́ bá a rìn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn mìíràn a ra odidi àpò ọ̀pá tuntun kí wọ́n tó mọ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń lọ. Òfin fàyè gba ọ̀pá 14 ní gbígbá kan; mẹ́fà tàbí méje àlòkù tó ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Ẹ fi ìyókù owó náà san olùkọ́.

Ìkẹta ni kíka kìlómítà dípò wákàtí. Láti Ìkẹjà sí Ìbẹ́jú-Lẹ́kì, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ni ó ń pinnu bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ẹ wa ọkọ̀ lọ ní wákàtí tí ẹ ó máa lọ gan-an, ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ tó gbà.

Bí kò bá tíì tó àkókò

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ lè máa san owó pápá gẹ́gẹ́ bí àlejò fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì máa gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ ní pápá ìdánrawò láìjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ yín bóyá ilé-iṣẹ́ ní ipò tí ó rà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ẹ sì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ipò náà bí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, tí ó jẹ́ pé oṣù Kejìlá ni ẹ máa ń wá sílé, ẹ béèrè bóyá owó wà tí ó kéré fún ọmọ ẹgbẹ́ tí kò gbé nítòsí, àti bóyá ẹgbẹ́ yín lọ́hùn-ún ní àdéhùn pẹ̀lú èyíkéyìí nílé. Níbi tí àdéhùn bá wà, ìwé láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé yín lè tó láti mú yín wọlé fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ ó lò.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

- Ẹ lọ kí ọ̀gá àwọn kádì, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ ó máa wá fún un.
- Ẹ fi káàdì sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbá, kódà bí iye rẹ̀ bá burú, títí ihò 54 yóò fi pé.
- Ẹ wọ ìdíje oṣooṣù àkọ́kọ́ tí handicap yín bá gbà yín láàyè, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pín yín pọ̀ mọ́ àwọn tí ẹ kò tíì mọ̀.
- Ẹ máa kọ iye ìgbà tí ẹ lọ sórí bébà àkọ́kọ́ yẹn. Bí kò bá tó mẹ́fà nígbà tí oṣù kẹta bá parí, ẹ yí ọjọ́ yín padà kí owó ọdún kejì tó pé.